Àwo Tó Tà Jù

Dáníẹ́lì kò pariwo. Bóyá ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Òyìnbó àgbàlagbà ni, ó wakọ̀ láti Rush Green wá sí sítọ́ọ̀ wa ní River Road, ní Barking, nílùú òyìnbó, láàárọ̀ Mọ́ńdè nítorí àwo orin kan ṣoṣo. Ó fa àwo náà yọ nínú àpò bébà rẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.

"Òun kọ́ nìyí," ó wí.

Ọ̀gá mi, Fọlájìmí, rẹ́rìn-ín. "Àbí Eden Pruitt kọ́ ló kọ ọ́?"

"Eden Pruitt ni. Àmọ́ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, èyí tó tà káàkiri. Irú rẹ̀ kún ilé mi. Èyí tí kò tà ni mo wá rà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọ̀gá. Ó wo àwo náà. Lẹ́yìn náà ó wo èmi.

Mo ti mọ̀ pé ó máa wò mí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí sítọ́ọ̀ yẹn. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkejì wà lọ́rùn mi.

Orúkọ mi ni Adébọ̀wálé. Èmi ni mo ń tọ́jú àwo níbẹ̀. Kì í ṣe àwo rọ́bà tí a fi jó nígbà èwe wa o. Èyí tó ṣáájú ìyẹn ni, tó wúwo, tó máa ń fọ́ bíi tánganran tó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Gbogbo àwọn tó kọrin sí i ti kú. Orin àwọn ará oko Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ń ta gìtá, tí wọ́n ń kọrin ọkọ̀ ojú irin àti ikú ìyá wọn. Orin Èkó àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá máa ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí bàbá wọn bá kú, á sì tà wọ́n fún irú Dáníẹ́lì.

Ohun kan wà nínú òwò yìí tí mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ wèrè ni. Àwo tó tà jù nígbà náà, òun gan-an ni kò níye lórí mọ́ báyìí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà ni gbogbo ayé ń wá kiri. Àwo àkọ́kọ́ tí obìnrin tó ń jẹ́ Eden Pruitt yìí ṣe tà bí omi lọ́gbẹlẹ̀. Ìkejì wá jáde nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ayé. Ẹni tí kò rí búrẹ́dì jẹ, kò ní ra orin. Ìwọ̀nba ni iléeṣẹ́ tẹ̀, ìwọ̀nba yẹn náà kò tà. Nígbà tí ogun Hítílà dé, wọ́n tún ń gba àwo àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń yọ́ ọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni Ọ̀gá mọ̀ pé ó ṣẹ́kù láyé. Ọ̀kan yẹn ló wà nínú àpò bébà náà ní Sátidé. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọlọ́pàá méjì wá. Wọn ò pẹ́. Wọ́n kọ orúkọ mi, wọ́n béèrè físà mi, wọ́n wo kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí i pé ó ti kú láti Kérésìmesì. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n má rìn jìnnà. Ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí sí téṣàn Barking.

Iléeṣẹ́ yìí ló dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba. Bí iṣẹ́ bá bọ́, físà bọ́. Bí físà bá bọ́, èmi àti Jésùfẹ́mi ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Rush Green, a dèrò ilé nìyẹn. N kò ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara mi ti kú. Mo ń wo ọwọ́ mi lórí tábìlì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

*

Iléeṣẹ́ adójútòfò ló rán Àrínọlá Akínrẹ̀mí wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Barking ni, ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìtàn irọ́ tí wọ́n pa fún adójútòfò tí kò tú. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ kóòtù òjò, ẹ̀pà sísun wà nínú àpò kóòtù náà, ó ń jẹ ẹ́ wóró kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàárọ̀ o, bọ̀dá. Ṣé ẹ máa jẹ ẹ̀pà?"

"Rárá, mà. Ẹ ṣé, mà." Ọkàn mi tún sọ pé ẹni tó bá kọ̀ ẹ̀pà lè jọ olè. "Mo máa jẹ ẹ́, mà."

Ó fún mi. Mo dì í mọ́ ọwọ́. N kò jẹ ẹ́.

"Ìgbà wo lẹ fojú kàn án kẹ́yìn?"

"Sátidé, mà. Kí n tó tilẹ̀kùn."

"Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo padà sílé. Mo sùn."

"Ta ló rí yín níbi tí ẹ ti ń sùn?"

"Kò sí, mà. Ọmọ mi lọ síbi iṣẹ́."

Ó mi orí. N kò mọ̀ bóyá mímì orí rere ni. Ó gbé àpò bébà náà, ó la ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ ní àbàwọ́n dúdú kan tó yí po bí òrùka.

"Òróró ẹ́ńjìnnì nìyẹn," Ọ̀gá wí kíákíá. "Godswill ni awakọ̀ wa. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láyé. Mo ti ń fura sí i."

Àrínọlá ní kí wọ́n pè é. Godswill wọlé. Mushin ló ti gbọ́ Yorùbá, kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ah-ah! Madam, nítorí ọwọ́ mi dúdú? Èmi awakọ̀! Ṣé kí ọwọ́ mi funfun bíi ti bíṣọ́ọ̀bù ni? Abeg o!"

"Mo kàn fẹ́ ya àtàǹpàkò yín lò ni."

"Ṣé ẹ máa dá a padà?"

"Tí ẹ bá hùwà dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín, àní nínú ìbínú rẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ bébà funfun kan. Àrínọlá gbé bébà náà sí ojú fèrèsé, ó gbé àpò àwo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa wò ó. Ibi tí Godswill tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, bí bébà tí wọ́n fi di àkàrà. Àbàwọ́n ti inú àpò ṣókùnkùn, ó gbẹ, nígbà tí Àrínọlá fi èékánná fá a, ó ń bó bí èépá.

"Òróró máa ń wọ inú bébà," ó wí. "Èyí jókòó sórí rẹ̀ ni. Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Godswill. Ẹ ṣé fún àtàǹpàkò."

"You see?" Godswill sọ fún Ọ̀gá. "You see your life?" Ó jáde, ó sì fi agbára pa ìlẹ̀kùn dé.

N kò yọ̀ fún un. Mo mọ̀ pé bí ọ̀nà kan bá ti dí, ìfura máa ń wá sọ́dọ̀ ẹni tó kù.

*

Àrínọlá gbóòórùn inú àpò náà. Ó dúró. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ń lo lọ́fínńdà níbí?"

Ọ̀gá kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Débọ̀ ni. Aládùúrà ni. Ó wà lára rẹ̀ báyìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, Débọ̀ ló ń pè mí. Ẹni tó ń sanwó ni ẹ̀gbọ́n.

Mo yọ ìgò kékeré náà nínú àpò inú jákẹ́ẹ̀tì mi, mo gbé e kalẹ̀. Kí ni mo tún lè ṣe? Bí mo bá sẹ́, wọ́n á rí i. Bí mo bá gbà, wọ́n á gbé mi lọ. Nínú ìjọ tiwa, ohun gbogbo tó bá ṣe kókó, a máa ń fi lọ́fínńdà yà á sí mímọ́. Mọ́tò tuntun, ìsọ̀, ẹrù tí a fẹ́ tà. Ọjọ́ tí físà mi jáde, mo wọ́n ọn sí i lórí.

"Ẹ fún mi ní àwo tí kò wúlò," Àrínọlá wí.

Mo mú ọ̀kan tó ti sán wá. Ó da lọ́fínńdà díẹ̀ sí aṣọ ìnujú rẹ̀, ó nu àwo náà yí po. Aṣọ náà dúdú. Nígbà tó gbé ìka lé ojú àwo, ìka náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà orin tó wà níbẹ̀ ti pòórá, ojú rẹ̀ dà bí ojú ògì tó tutù.

Dáníẹ́lì, tó jókòó síbi igun pẹ̀lú tíì rẹ̀, sọ ohun kan bí ẹni ń kérora.

"Kí ló ṣe é?" Ọ̀gá béèrè, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ní sítọ́ọ̀ yẹn mọ̀ ọ́n.

"Ọtí ló pọ̀ jù nínú lọ́fínńdà," Àrínọlá wí. "Oje kòkòrò ni wọ́n fi ṣe irú àwo yìí. Ọtí máa ń yọ́ ọ. Nítorí náà, wọn ò jí àwo yín, sà. Wọ́n pa á. Wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà sínú àpò ní tútù, ó lẹ̀, wọ́n tún fà á yọ. Dúdú inú àpò yìí, ara àwo náà ni."

Mo gbọ́ ọkọ̀ ńlá kan tó ń padà sẹ́yìn níta, tó ń ké pín-ín, pín-ín, pín-ín.

"Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn," Ọ̀gá wí. Ó dìde. "Lọ́fínńdà Débọ̀. Kọ́kọ́rọ́ Débọ̀. Mo máa pe téṣàn."

"Bọ̀dá," Àrínọlá wí fún mi, bí ẹni pé kò gbọ́ ọ, "kí lẹ máa ń fi nu àwo?"

"Aṣọ gbígbẹ, mà."

"Tó bá dọ̀tí gan-an ńkọ́?"

"Omi díẹ̀, mà. Kò gbọdọ̀ kan bébà àárín."

"Ẹ ò lo sípíríìtì rí?"

"Háà! Rárá o." Mo nàka sí ògiri. Ìkìlọ̀ Ọ̀gá wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà: ọtí kò gbọdọ̀ wọlé, sípíríìtì kò gbọdọ̀ wọlé.

"Ó lè mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́," Ọ̀gá wí.

"Fún kí ni? Ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ á là á mọ́lẹ̀, kò sì ní wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó nu èyí kò mọ̀ pé ó lè yọ́. Kò ṣiṣẹ́ níbí rí, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún wo èyí tó fi rọ́pò."

Ó gbé àwo tí Dáníẹ́lì kọ̀ sókè. Bébà pupa ló wà láàárín rẹ̀. Ó yí i. Ní ojú kejì, bébà náà ti ṣá, ó ti di àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà.

"Àwo tó ń gbé inú àpò, ṣé ojú kan rẹ̀ máa ń ṣá?"

"Rárá," Dáníẹ́lì dáhùn láti igun. "Oòrùn ló ṣe ìyẹn. Wọ́n gbé e kọ́ ni."

Àrínọlá ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́. "Ọ̀gá Fọlájìmí, ibo ni ẹ gbé àwo kọ́ tí oòrùn ń kàn án?"

Ọ̀gá yí ojú kúrò lára àwo náà. Mo ń wò ó. Mo máa ń wo ènìyàn, ìṣe mi ni.

"Ní pálọ̀ mi," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ní Eastbury."

*

Ọkọ̀ Àrínọlá ni mo wọ̀. Ọ̀gá ṣíwájú nínú tirẹ̀. Mo jókòó, mo so bẹ́líìtì, mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún kó lè rí wọn.

"Bọ̀dá, ẹ ò rí i pé òwò yín yìí dorí ayé kodò? Bàbá mi àgbà ta àwo ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní á gbé giramafóònù síwájú ìsọ̀, á máa yí i. Àwo tí wọ́n bá ń gbọ́ jù ni wọ́n ń rà jù. Lọ́dún tí kòkó bá lówó lórí, àwo ò ní tó. Lọ́dún tí kòkó bá kú, àwo á jókòó, bàbá á jókòó tì í."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí ẹ bá bi bàbá yẹn pé àwo wo ló dára jù, kí lẹ rò pé ó máa sọ?"

"Èyí tó tà jù, mà."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ yìí." Ó yí ọkọ̀ gba iwájú ilé bíríkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Eastbury Manor. "Kí ni olè máa ń ṣe, bọ̀dá? Ó máa ń mú ojúlówó lọ, á fi gbàrọgùdù sílẹ̀. Ẹni tó bá mú nǹkan tó rò pé ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, olè kọ́ nìyẹn."

"Kí ni ìyẹn, mà?"

"Ẹni tó ń tọrọ àforíjì ni, tí kò lè lanu."

Ó yé mi díẹ̀. Kò yé mi tán. N kò fẹ́ kó yé mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo mọ ẹni tó ń gbé ilé yẹn pẹ̀lú Ọ̀gá.

*

Ìyá Tiwa, ìyàwó Ọ̀gá, Ọmọ́lẹ́wà lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ọ̀gá kì í wá, ó ní òun ń gbàdúrà nílé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ìyá Tiwa máa ń béèrè Jésùfẹ́mi lọ́wọ́ mi, ó máa ń fi oúnjẹ rán mi sí i. Nígbà tí a wọlé, ó wà ní kíṣíìnì. Mo gbọ́ omi tó ń dà. Omi náà dá.

Lára ògiri pálọ̀, ní ìdojúkọ fèrèsé, ibì kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ tàn ju ìyókù lọ, onígun mẹ́rin. Ìṣó dá dúró lókè rẹ̀.

"Gíláàsì rẹ̀ ló fọ́," Ọ̀gá wí. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Ìyàwó mi ní òun gbé e lọ fún àtúnṣe lánàá."

"Lánàá, Sọ́ńdè. Níbo ni ẹ wà lọ́sàn-án?"

"Mo sùn. A jẹun tán, mo sùn."

"Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ńkọ́?"

Ó nàka sí ìkọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

"Tí àlejò bá wá síbí, tó béèrè àwo ara ògiri yìí, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

"Pé…" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Pé òun ló tà jù nínú gbogbo àwo orin oko lọ́dún náà. Pé kò sí ilé tí kò ti dún."

"Ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àbí? Níṣojú ẹni tó ń gbé ohun mímu wá fún àlejò." Àrínọlá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ògiri, ó dìde. "Mo fẹ́ pe téṣàn lórí fóònù. Mo ń bọ̀."

Ó jáde. Ó fa ilẹ̀kùn pa dé.

Ìlẹ̀kùn kíṣíìnì ṣí. Ìyá Tiwa kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi kúnlẹ̀. Kì í ṣe iwájú ọkọ rẹ̀ nìkan ló kúnlẹ̀ sí. Àárín wa ló kúnlẹ̀ sí, èmi àti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ dákun. Mo fẹ́ kí ọjà náà tà ni. Ẹ ò sùn láti ìgbà tí òyìnbó yẹn ti ní òun ń bọ̀, ẹ̀ ń rìn kiri inú ilé. Mo ní kí n lọ yà á sí mímọ́. Mo mú kọ́kọ́rọ́. Mo da lọ́fínńdà sí áńkáṣíìfù, mo ń ka Sáàmù, mo ń nù ún. Áńkáṣíìfù ń dúdú. Mo rò pé ẹ̀gbin ayé ló ń jáde lára rẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Inú mi dùn. Mo tún dà á sí i."

"Lẹ́wà," ni Ọ̀gá wí.

"Mo dá a padà sínú àpò, nígbà tí mo tún máa fà á yọ, ó ti lẹ̀. Mo sá wálé. Mo gbé èyí tó dára jù tí a ní lọ. Èyí tí ẹ máa ń fi yangàn. Mo ní bí èyí bá sọnù, èyí tó jù ú lọ wà níbẹ̀, òyìnbó á tún dúpẹ́."

"Níbo ló wà?"

"Nínú fìríísà. Lábẹ́ ẹja. Mo rò pé bó bá tutù, á tún le."

Ọ̀gá lọ gbé e wá. Yìnyín wà létí rẹ̀. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kò sì sí ìlà kan lójú rẹ̀ mọ́, ó dán gbinrin, ó wú síbì kan, ó dẹ̀ síbì kejì. Ohùn Eden Pruitt ti kúrò láyé lẹ́ẹ̀kejì. Mo retí pé nǹkan á ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí.

Ọ̀gá gbé e kalẹ̀. Ó súnmọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Bọ̀dá Débọ̀," ó wí. Ó pè mí ní bọ̀dá. "Ẹ gbọ́ mi. Adójútòfò ò ní san kọ́bọ̀ bó bá jẹ́ ará ilé ló ṣe é. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló ṣèèṣì, wọ́n á san. Olè kọ́ o, àṣìṣe lásán. Ẹ kàn sọ pé ẹ̀yin lẹ nù ún. Kò sẹ́ni tó máa tì yín mọ́lé. Físà yín wà lọ́wọ́ mi, ẹ mọ̀. Mo máa tọ́jú rẹ̀."

Mo gbọ́ apá tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ lè má tọ́jú rẹ̀.

Ìyá Tiwa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àrínọlá wọlé, ó wo àwo tó ń ṣomi lórí tábìlì, ó wo ọwọ́ Ọ̀gá léjìká mi.

"Bọ̀dá Adébọ̀wálé," ó wí, "ta ló nu àwo yìí?"

"Ẹ sọ fún wọn," Ọ̀gá wí. Ìka rẹ̀ tẹ̀ mí díẹ̀.

Mo rí Jésùfẹ́mi lójú mi, pẹ̀lú báàgì ìwé rẹ̀. Mo rí pápákọ̀ òfurufú. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á rọ̀. N ó padà síbi iṣẹ́ lọ́la, wọ́n á máa pè mí ní bọ̀dá fún ọjọ́ díẹ̀. Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Láti àárọ̀ ni gbogbo ara mi ti kú, ẹ̀rù pàápàá ò wá ríbi dúró sí mọ́.

"Èmi kọ́," mo wí.

N kò fi sà kún un. N kò fi mà kún un.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi. Ó tẹ́ ẹ síwájú mi, àtẹ́lẹwọ́ lókè. "Kọ́kọ́rọ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ lọ́rùn.

"Ẹ má bọ́ ọ, Bọ̀dá Débọ̀." Ìyá Tiwa ti dìde. Ó di ògiri mú, síbi tó tàn yẹn gan-an. "Iléeṣẹ́ yìí, àwa méjèèjì la ni í. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yín lọ́dọ̀ ìjọba, kì í ṣe òun. N kò ní yọ ọwọ́ mi." Ó yíjú sí Àrínọlá. "Èmi ni mo nù ún, màdáámù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o mọ ohun tó o sọ?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè. "A ò ní rí nǹkan kan gbà!"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá jókòó. Ó jókòó bí àpò tí wọ́n tú sílẹ̀.

"Ìrònú lásán ni mo ní," Àrínọlá sọ fún un, kò sì gbé ohùn sókè. "Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ mi lórí ìyàwó yín. Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ̀rọ̀ lójú mi, ni mo ṣe jáde. Ohun tí ẹ fẹ́ kí bọ̀dá yìí sọ, mo lè kọ ìyẹn náà o. Iléeṣẹ́ wa ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n má kọ ọ́. Bí mo bá sì gbọ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bọ̀dá, mo máa rántí rẹ̀."

Ọ̀gá fa àwo tó ń ṣomi náà sún mọ́ra.

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo wọ bàtà tí mo bọ́ síbẹ̀. Àrínọlá tẹ̀lé mi.

"Téṣàn ńkọ́, mà?" mo béèrè. "Ṣé kí n máa lọ bá wọn báyìí?"

"Wọn ò retí yín mọ́. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin kọ́."

"Ìgbà wo, mà?"

"Nígbà tí mo jáde."

Mo dúró, mo ń rò ó. Kí n tó lanu. Nígbà tí ọwọ́ Ọ̀gá ṣì wà léjìká mi, tí mo ń wo pápákọ̀ òfurufú lọ́kàn, wọ́n ti dá mi sílẹ̀ lóde, mo sì wà nínú ilé, n kò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà. Ọwọ́ mi kò gbà. Kò gbọ̀n títí di ìgbà náà, nísinsìnyí ó wá ń gbọ̀n, okùn náà ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àrínọlá wò mí díẹ̀. Ó ká kóòtù rẹ̀ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó so ó fún mi, ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì.